Ẹ Má Dúró Dìgbà Tójú Bá Rí I: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Pààrọ̀ Ààyè Táyà Ọkọ̀

Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ní ọkọ̀ ni pé ìgbà wo ló yẹ kéèyàn máa gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn kó gbé tẹ̀yìn wá síwájú. Ìdáhùn kúkúrú rèé: kìlómítà 8,000 sí 12,000, tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Tí mánúà tó bá ọkọ̀ yín wá bá ní nọ́ńbà tiẹ̀, ti mánúà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló mọ bó ṣe wúwo sí àti bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn nìkan ò tó o, torí ọ̀pọ̀ ló mọ nọ́ńbà tí wọn ò mọ ìdí ẹ̀, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi máa ń dúró títí ojú wọn á fi rí i pé táyà iwájú ti jẹ ju tẹ̀yìn lọ kí wọ́n tó ṣe nǹkan kan sí i. Tójú yín bá ti ń rí ìyàtọ̀ yẹn kedere láti òkèèrè, ẹ ti pẹ́. Màá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí táyà mẹ́rin tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà kì í fi í jẹ bákan náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ayé ìsinsìnyí, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, táyà iwájú náà ló sì ń fa ọkọ̀. Táyà méjì yẹn ló ru ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, àwọn ló ń fà, àwọn ló ń yà sọ́tùn-ún sósì, tẹ́ ẹ bá tún tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ wá síwájú, orí wọn náà ló máa dà lé. Tẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Ìdí nìyẹn tí táyà iwájú fi máa ń yára jẹ, pàápàá ní èjìká ẹ̀ tó máa ń ha ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gba kọ́nà. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í ní tiẹ̀, àárín táyà ẹ̀yìn ló máa ń tètè jẹ, èjìká ti iwájú á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

Pé táyà ẹ̀yìn ò ṣiṣẹ́ tó ti iwájú kò ní kó má ní wàhálà tiẹ̀. Tó bá ti pẹ́ jù lẹ́yìn, eyín ẹ̀, ìyẹn àwọn ègé rọ́bà tó yọ sókè láàárín àwọn ìlà ojú táyà, á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ bí ayùn, ẹnu kan á ga, ẹnu kejì á lọ sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa á lójú, tó bá ń yọ̀ lọ geere lápá kan ṣùgbọ́n tó ń há ọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá pa á padà, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ariwo ló máa ń dá sílẹ̀, ó máa ń ké wùùù tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, àwọn mìíràn á rò pé béárìn inú wíìlì ló ti bà jẹ́, wọ́n á pààrọ̀ béárìn, ariwo náà ò ní lọ. Kí wọ́n ti máa gbé táyà yẹn wá síwájú lásìkò ni ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìnáwó yẹn.

Ìdí tí pípẹ́ fi burú

Táyà tuntun fún ọkọ̀ kékeré, ìlà ojú ẹ̀ máa ń jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ò gbà kéèyàn wà á mọ́ tó bá ti kù sí mìlímítà 1.6, rọ́bà kéékèèké kan sì wà nísàlẹ̀ àwọn ìlà yẹn tó jẹ́ pé tójú táyà bá ti jẹ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti tán nìyẹn. Iṣẹ́ àwọn ìlà yẹn ni kí wọ́n máa lé omi kúrò lábẹ́ táyà nígbà òjò. Ẹ wá wò ó báyìí, ká ní ẹ ò pààrọ̀ ààyè wọn rí, iwájú ti kù sí mìlímítà 3, ẹ̀yìn ṣì wà ní 6. Tẹ́ ẹ bá gbé mìlímítà 3 yẹn lọ sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí omi dúró lójú títì, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ léfòó. Tí iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ á kàn máa lọ tààrà láìyà dáadáa, tẹ́ ẹ bá rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó sáré, á tún gbá ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á fi ìdí yí po, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ò sì lè gbà á padà mọ́. Torí ẹ̀ làwọn tó ń ṣe táyà fi máa ń ní pé téèyàn bá ra méjì péré, ẹ̀yìn ni kó kó tuntun sí, yálà iwájú ló ń fà á o tàbí ẹ̀yìn ló ń tì í. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdìkejì, wọ́n á ní iwájú ni sitiárìn wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é mọ́.

Ṣé ẹ ti wá rí i? Pípààrọ̀ ààyè táyà dáa nígbà tí ìyàtọ̀ àárín iwájú àtẹ̀yìn ò tíì ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Tó bá ti lọ sí 3, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí èyí tó dáa wà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ lo ti iwájú tán, kẹ́ ẹ wá ra méjì tuntun kó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kó tẹ̀yìn àtijọ́ wá síwájú, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ka kìlómítà látibẹ̀.

Nọ́ńbà tó bá ọkọ̀ tiyín mu

Ìgbà àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun, eyín ẹ̀ ga, ó máa ń mì síwá sẹ́yìn lórí títì, ìgbà yẹn gan-an ló rọrùn jù fún un láti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wọ́gọwọ̀gọ, bó bá sì ti fi bẹ̀rẹ̀ ló máa fi parí. Ẹ má jẹ́ kó kọjá kìlómítà 8,000 kẹ́ ẹ tó ṣe àkọ́kọ́ yẹn, bí mánúà ò bá sọ pé kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ pé ojú títì gbọọrọ lẹ ti ń wakọ̀ jù, tí ẹrù ò pọ̀, ẹ lè dé 12,000. Tó bá jẹ́ inú ìlú, tí kọ́nà pọ̀ tí ẹ ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà, tàbí ọ̀nà tó kún fún kòtò, tàbí ẹ ń ru ẹrù tó wúwo, 8,000 ti tó. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ńjìnnì ń yí nígbà gbogbo, ẹ ṣe é láàárín 5,000 sí 8,000, torí kì í ṣe táyà nìkan ni ìṣòro ibẹ̀. Táyà tó bá ti jẹ máa ń kéré sí i, ó máa ń yí po ju èyí tí ò jẹ lọ, àwọn jíà tó wà láàárín iwájú àtẹ̀yìn á wá máa ṣiṣẹ́ láìsinmi torí ìyàtọ̀ yẹn, wọ́n á máa gbóná, àtúnṣe wọn sì wọ́n ju owó táyà mẹ́rin lọ fíìfíì. Ọkọ̀ oníná náà wà níbẹ̀, bátìrì mú kó wúwo, agbára ẹ́ńjìnnì oníná ẹ̀ sì máa ń dé táyà lẹ́ẹ̀kan náà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Nínú mánúà ọkọ̀ oníná Tesla, kìlómítà 10,000 ni wọ́n kọ, tàbí ìgbàkígbà tí ìyàtọ̀ ojú táyà bá ti tó mìlímítà 1.5. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe kéré tó, ojú lásán ò lè rí i dáadáa, géèjì tí wọ́n fi ń wọn bí ìlà ojú táyà ṣe jìn tó ló máa sọ.

Ọ̀nà tó rọrùn láti máa rántí ni kẹ́ ẹ so ó mọ́ sáfíìsì. Tó bá jẹ́ kìlómítà 10,000 lẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ yín ò sì sí lára àwọn tí mo ní 8,000 ti tó fún, ẹ máa ṣe táyà pẹ̀lú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tó bá jẹ́ 5,000, ẹ máa ṣe é ní sáfíìsì kejì-kejì.

Ẹ ka ara táyà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án

Kò sí ọ̀nà kan tó bá gbogbo táyà mu. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, tẹ́ ẹ bá rí àmì ọfà tí wọ́n kọ ROTATION sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà yẹn ní apá tó gbọ́dọ̀ máa yí sí, kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó wà, iwájú òsì lọ sẹ́yìn òsì, iwájú ọ̀tún lọ sẹ́yìn ọ̀tún, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ OUTSIDE àti INSIDE lẹ rí, ẹ lè gbé e lọ síbikíbi, ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ojú tí wọ́n kọ OUTSIDE sí ló ń wo ìta, tí wọ́n bá sì ti fi sórí rímù dáadáa látilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa máa wà.

Ẹ ka sáìsì náà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí táyà ẹ̀yìn wọn fẹ̀ ju ti iwájú lọ. Ìwọ̀nyẹn ò ṣeé gbé síwájú sẹ́yìn rárá, òsì àti ọ̀tún nìkan lẹ lè pààrọ̀, tó bá sì tún ní ọfà, àfi kí fọkanáísà yọ ọ́ kúrò lórí rímù kó tó lè ṣe é.

Táyà tí kò ní ọfà tí sáìsì ẹ̀ sì dọ́gba ló pọ̀ jù, bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Ọkọ̀ tí iwájú ń fà: iwájú méjèèjì lọ sẹ́yìn tààrà, ẹ̀yìn òsì wá siwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn ọ̀tún wá siwájú òsì. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì, àti èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́: ẹ̀yìn méjèèjì wá síwájú tààrà, iwájú òsì lọ sẹ́yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún lọ sẹ́yìn òsì. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ ṣáà mọ̀ pé táyà tó ń lọ síbi tí agbára ẹ́ńjìnnì wà ló máa ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan á sọ fún yín pé táyà radial, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí, ò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó wà láéláé, ọ̀rọ̀ radial ayé àtijọ́ nìyẹn, ti ayé ìsinsìnyí tí ò bá ti ní ọfà, kò sí wàhálà.

Tí sípíà yín bá jẹ́ táyà gidi tó bá àwọn yòókù dọ́gba ní sáìsì àti irú, ẹ fi sínú ètò náà: sípíà lọ sẹ́yìn ọ̀tún, èyí tó yẹ kó lọ sẹ́yìn ọ̀tún á wá bọ́ sínú bùútù. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí táyà ti jẹ́ tuntun ni kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o, tó bá jẹ́ pé mẹ́rin ti jẹ dé ìlàjì tí sípíà ṣì jẹ́ tuntun, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà, pàápàá lọ́kọ̀ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Sípíà kékeré tín-ín-rín tí wọ́n kọ 80 km/h sí lára ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ó yá, iṣẹ́

Ohun tẹ́ ẹ nílò ni jáàkì, jack stand (irin tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé tí jáàkì bá ti gbé e sókè) méjì tó bá ṣeé ṣe, wíìlì sípánà, torque wrench (sípánà tó ń fi hàn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó), ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, òkúta tàbí igi tẹ́ ẹ máa fi dí táyà, géèjì afẹ́fẹ́, búrọ́ọ̀ṣì onírin.

Ibi tó tẹ́jú tó sì le ni kẹ́ ẹ páàkì sí, kì í ṣe orí koríko tàbí yanrìn. Ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ fi jíà sí P tó bá jẹ́ ọ̀tọmátíìkì, tàbí kẹ́ ẹ fi sí jíà kìíní tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí jíà ẹ̀, ẹ dí táyà tó wà lódìkejì ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀ sára ẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé orí yín, tí mẹ́rin bá ti wà nílẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n máa ń jọ.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan ti tó, torí tó bá ti wà lófuurufú, táyà á kàn máa bá sípánà yí ni. Ẹ wá fi jáàkì sábẹ́ ibi tí wọ́n ṣàmì sí fún un, mánúà á fi hàn yín, ibòmíì lè tẹ̀ tàbí kó yọ̀. Ẹ má ki orí tàbí ẹsẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, kódà fún ìṣẹ́jú kan, èèyàn ti kú síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ jáàkì kan péré lẹ ní láìsí jack stand, ẹ lè fi sípíà ṣe é, kódà sípíà kékeré yẹn náà wúlò níbí torí ọkọ̀ ò lọ síbì kankan. Fún ọkọ̀ tí iwájú ń fà, ẹ yọ iwájú òsì, ẹ fi sípíà síbẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn òsì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi táyà iwájú òsì tó wà lọ́wọ́ yín síbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ yọ lẹ́yìn òsì, ẹ gbé e lọ siwájú ọ̀tún. Èyí tẹ́ ẹ yọ níwájú ọ̀tún lọ sẹ́yìn ọ̀tún. Èyí tẹ́ ẹ yọ lẹ́yìn ọ̀tún ló máa padà wá gba ààyè sípíà níwájú òsì. Ìgbà márùn-ún lẹ máa gbé ọkọ̀ sókè, ó ń gba àsìkò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà lófuurufú nígbà kan. Fún èyí tí ẹ̀yìn ń tì, ẹ tọ ọ̀nà yìí padà: iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, kẹ́ ẹ padà siwájú òsì.

Nígbà míì rímù á ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà nítorí ìpẹtà. Ẹ má fi hámà irin gbá a o. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀tì kan tàbí méjì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ kó má bàa já lù yín, kẹ́ ẹ fi hámà rọ́bà tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ táyà, á tú sílẹ̀. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìpẹtà yẹn kúrò kí rímù lè jókòó pẹrẹsẹ. Ẹ má da ọ́ìlì tàbí gíríìsì sẹ́nu bóòtì, ó máa ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì wọlé jù bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí èrè iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù

Ìgbà tí táyà bá wà lọ́wọ́ yín yìí, ẹ má yára dá a padà, torí ohun tí ẹ máa rí lára ẹ̀ níbí, ẹ ò lè rí i tó bá wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ẹ yí i wò láti inú dé ìta, ìṣó, ibi tó ya, ibi tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá ti wú, okùn inú ẹ̀ ti já, ẹ má dá a padà sórí ọkọ̀, ó lè bẹ́ nígbàkígbà.

Ẹ wo bó ṣe jẹ. Tó bá jẹ́ èjìká méjèèjì ló jẹ tí àárín ṣì ga, afẹ́fẹ́ kékeré lẹ fi ń wà á. Tó bá jẹ́ àárín, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré, pàápàá èjìká inú tí kò hàn síta, alignment, ìyẹn bí táyà ṣe kọjú sọ́nà tó sì dúró tọ́, ló ti yà. Tó bá ní ibi tó jin tó tún ga káàkiri bí ìgbà tí wọ́n bu ú jẹ, ẹ yẹ shock absorber (ohun tó ń gba ìmìtìtì lẹ́sẹ̀ ọkọ̀) àti balancing (bí ìwúwo táyà ṣe dọ́gba yí ká) wò. Ẹni tí kò bá tún ìdí wọ̀nyí ṣe tó kàn ń pààrọ̀ ààyè, ńṣe ló máa fi wàhálà kan náà ba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́. Àwọn kan máa ń rò pé tí wọ́n bá ti ṣe alignment, wọ́n ti ṣe èyí náà, rárá o, alignment, balancing àti pípààrọ̀ ààyè, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ tún ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe táyà ló ní ká má lò ó kọjá ọdún 10 bó ti wù kí eyín ẹ̀ ṣẹ́ kù tó, sípíà tó wà nínú bùútù náà ń dàgbà o. Ojú bíréèkì sì ti ṣí sílẹ̀ báyìí, ẹ wo bí páàdì ṣe kù tó.

Dídá a padà

Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wé nọ́ọ̀tì, tó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe, ẹ má fi sípánà fipá mú un. Ẹ fún un díẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá fún un tán pẹ̀lú torque wrench, kì í ṣe láti orí ọ̀kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ máa bọ́ sí èyí tó kọjú sí i lódìkejì, bí wọ́n ṣe ń ya ìràwọ̀. Agbára tí wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 80 sí 120 Nm (bó ṣe wà lójú torque wrench), jíìpù ńlá àti pikọ́ọ̀pù máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, mánúà ló ní iye gan-an. Tẹ́ ẹ ò bá ní torque wrench, wíìlì sípánà tó bá ọkọ̀ wá ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ lò, ẹ má gun orí ẹ̀, ẹ má fi páìpù kún un, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ní i kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀tì tó bá le jù máa ń fa bóòtì gùn, ó lè tẹ dísìkì bíréèkì, lọ́jọ́ tí táyà bá sì jò lójú ọ̀nà, ẹ ò ní lè tú u.

Afẹ́fẹ́ ló kàn, ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé rèé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni afẹ́fẹ́ iwájú àti tẹ̀yìn wọn ò dọ́gba, táyà sì ti kúrò níbi tó wà, àmọ́ afẹ́fẹ́ ibi tó ti ń bọ̀ ló ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kẹ́ ẹ fi géèjì ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀, nígbà tí táyà tutù, tí ọkọ̀ ti dúró tó wákàtí mẹ́ta. Ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, àwọn kan á dá mọ ààyè tuntun fúnra wọn tẹ́ ẹ bá ti wà á díẹ̀, àwọn mìíràn á fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ reset tàbí kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ kọ́ ọ.

Ẹ kọ kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ àti déètì, pẹ̀lú mìlímítà táyà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ní géèjì ẹ̀, torí ìwé yẹn ló máa sọ fún yín bóyá 12,000 ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ yín tàbí ó ṣì dáa. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún fi torque wrench kan gbogbo nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí sitiárìn bá wá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń sáré, tí kò sì gbọ̀n tẹ́lẹ̀, tí nọ́ọ̀tì sì le dáadáa, táyà tí balancing ẹ̀ ti yà tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ló ti dé iwájú, ẹ gbé méjì iwájú yẹn lọ fún balancing. Tó bá jẹ́ ariwo lásán ló yí padà díẹ̀ láìsí gbígbọ̀n, ẹ fún un ní kìlómítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan, eyín tó ti jẹ bí ayùn lẹ́yìn ni ilẹ̀ ń tún ojú ẹ̀ ṣe.